Ọwọ́ Kì Í Bọ́ Sójú Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí lẹ fẹ́ kà yìí. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò lè gbé ohùn, àti fún ẹni tó wà nínú mọ́tò tí ariwo kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ mú báírò kan àti bébà kan. Ẹ sàmì kékeré kan sí àárín bébà náà, kó má tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ẹ fa ọwọ́ yín sẹ́yìn, kó jìnnà sí àmì yẹn tó ìwọ̀n rúlà ọmọ iléèwé kan. Ẹ wá na ọwọ́ síwájú, kí ẹ fi ẹnu báírò kan àmì náà. Ẹ ṣe é nígbà 20, kí ẹ sì máa yára bí ẹni tó fẹ́ pa eṣinṣin. Ó parí. Ẹ wo bébà yín.

Mo mọ ohun tí ẹ máa rí. Àmì 20 ló fọ́n ká síbẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ fún adìyẹ. Ọ̀kan ga díẹ̀, ọ̀kan rẹlẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà ni, ojú kan náà ni, báírò kan náà ni. Ẹ ò mutí, ara yín sì dá ṣáṣá. Kí ló wá dé tí ọwọ́ kò lè bọ́ sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Ìbéèrè tí a fẹ́ tú wò lónìí nìyẹn. Ó jọ ọ̀rọ̀ eré, àmọ́ owó wà nínú rẹ̀, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ìlera náà sì wà nínú rẹ̀. Ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni màá ti mú àpẹẹrẹ: Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Agbègbè yẹn ni mo wà nígbà tí mò ń ká ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ètò yìí.

Àṣìṣe méjì ló wà

Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ méjì tó ń sọ òkò sí máńgòrò kan ṣoṣo lórí igi. Òkò ọmọ àkọ́kọ́ ń lọ sí ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, àmọ́ ibi tó ń lọ wà lápá òsì máńgòrò. Òkò ọmọ kejì ń lọ káàkiri: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tí ẹ bá ní kí ẹ wá àárín gbogbo òkò rẹ̀, máńgòrò gan-an lẹ máa bá níbẹ̀. Síbẹ̀, kò bà á.

Àwọn méjèèjì ló pàdánù máńgòrò, àmọ́ àrùn wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní *yíyà sápá kan*. Ìyẹn rọrùn láti wò: ẹ sọ fún un pé kó fojú sun apá ọ̀tún díẹ̀ sí i, máńgòrò á já bọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ti ọmọ kejì ní *ìfọ́nká*. Ìyẹn le díẹ̀. Ẹ ò lè ní kó lọ sápá ọ̀tún, ẹ ò sì lè ní kó lọ sápá òsì, torí pé kò sí apá kan pàtó tó ń yà sí.

Ẹ di ọ̀rọ̀ méjì yìí mú o: yíyà sápá kan, àti ìfọ́nká. Ọ̀pọ̀ ìjà tó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ló jẹ́ pé ọ̀gá rí ìfọ́nká, ó sì ń bá a wí bí ẹni pé yíyà sápá kan ni.

Ariwo tó wà nínú ara

Ní ọdún 1899, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Robert Woodworth tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ọwọ́ ṣe ń ṣe déédéé. Ó ní kí àwọn èèyàn fi pẹ́ńsù fa ìlà lọ síwá sẹ́yìn, kí gígùn àwọn ìlà náà bára mu, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ kan tó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ bí aago. Wọ́n la ojú ṣe é nígbà mìíràn, wọ́n di ojú ṣe é nígbà mìíràn.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó la ojú ṣe dáadáa ju ẹni tó dijú lọ fíìfíì. Bí ó ti ń yára sí i ni ìyàtọ̀ yẹn ń dín kù. Nígbà tó dé nǹkan bí ìgbà 140 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sí àǹfààní kankan mọ́ nínú ojú lílà. Olójú àti ẹni tó dijú di ọgbọọgba.

Ohun tí Woodworth rí nínú èyí ni pé apá méjì ló wà nínú nínà ọwọ́. Ní apá àkọ́kọ́, ọpọlọ ń ju ọwọ́ bí ẹni ju òkò. Ní apá kejì, ojú ń wo bí ọwọ́ ṣe ń lọ, ọpọlọ sì ń tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe kó tó débẹ̀. Àmọ́ àtúnṣe yẹn ń gba àkókò. Kí ojú rí nǹkan, kí ọpọlọ gbọ́, kí ọwọ́ tó yí ọ̀nà padà, ó máa ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí ọwọ́ yín bá ti débi tó ń lọ kí àkókò yẹn tó pé, ojú yín ti di òǹwòran.

Ó dáa, ọwọ́ dà bí òkò. Kí ló wá dé tí ọpọlọ kò lè ju òkò kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ìdí ni pé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí apá kì í dé mímọ́. Àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń dà á rú ní ariwo. Kì í ṣe ariwo tí etí ń gbọ́ o. Ẹ rántí rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa: ohùn ń bọ̀, àmọ́ *ṣáà ṣáà* dà pọ̀ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ wà nínú ojú nígbà tó bá ń wọn ibi tí nǹkan wà. Ó wà nínú bí ara ṣe ń mọ ibi tí ọwọ́ wà. Ó sì tún wà nínú iṣẹ́ tó ń lọ sí iṣan apá.

Ní 1998, Chris Harris àti Daniel Wolpert ní London gbé àlàyé kan jáde tó yí bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀rọ̀ yìí padà. Àlàyé náà dúró lórí ohun kan: bí àṣẹ tí ọpọlọ fi ránṣẹ́ sí iṣan bá ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni ariwo inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá fipá ju ọwọ́, ariwo ló ń fi kún un. Ẹni tó bá yára, agbára ló ń lò, ariwo sì ń bá agbára rìn. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń na ọwọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò yára láàárín, tí yóò sì tún rọra dúró. Ọ̀nà tí ìfọ́nká fi kéré jù lọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìwà èèyàn ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ó bá iṣan apá mu rẹ́gí.

Ẹ tún bébà yín wò. Tí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ lè rí i pé àwọn àmì yẹn kò fọ́n ká roboto bí òṣùpá. Wọ́n máa ń gùn díẹ̀ bí ẹyin, ẹyin náà sì máa ń na ara rẹ̀ sí ọ̀nà tí ọwọ́ gbà wá. Ó ṣòro fún ara láti mọ ìwọ̀n tó máa dúró ju láti mọ ọ̀nà tó máa gbà lọ. Ẹ má gbàgbé èyí, torí a máa padà fi lo fóònù.

Alágbẹ̀dẹ Ìkìrun

Ẹnì kan á ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe é?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé mi lọ sí àgbẹ̀dẹ kan ní Ìkìrun. Bàbá tó ni ibẹ̀ ń rọ ọkọ́. Ẹmú wà lọ́wọ́ òsì, òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, irin ti pọ́n kuku. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ṣé ojú kan náà lẹ ń lù ní gbogbo ìgbà?"

Wọ́n kọ́kọ́ fi òwe dá mi lóhùn pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú kan ni mò ń wò. Ọwọ́ ló mọ bó ṣe ń débẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ojú kan ni mò ń wò, ọwọ́ ló mọ bó ṣe ń débẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni kan ní Moscow fi kámẹ́rà rí ohun tí Bàbá ń sọ yìí. Nikolai Bernstein lorúkọ rẹ̀. Láàárín 1920 sí 1930, ó so àwọn gílóòbù kéékèèké mọ́ apá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi òòlù ṣiṣẹ́, ó sì ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ wọn bí apá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ogbóǹtarìgì ni àwọn òṣìṣẹ́ náà. Èèyàn á rò pé apá wọn á máa lọ bákan náà ní gbogbo ìgbà, bí ẹ̀rọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òòlù ló ń ṣe déédéé. Èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ń yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà ju orí òòlù lọ. Ẹ rò ó wò: òòlù kò lè gbé ara rẹ̀, apá ló gbé e. Báwo ni ohun tí wọ́n gbé ṣe máa dúró déédéé ju ohun tó gbé e lọ? Àfi tí àwọn oríkèé bá ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tí èjìká bá lọ jù díẹ̀, ìgúnpá á dín tirẹ̀ kù. Tí ìgúnpá bá pẹ́, ọrùn ọwọ́ á bò ó láṣìírí.

Ìyẹn ni Bernstein fi sọ pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ dánra wò kì í tún ìdáhùn kan náà kọ. Ìṣòro kan náà ló ń tún yanjú lákọ̀tun nígbà gbogbo. Ní 2002, Emanuel Todorov àti Michael Jordan ṣe ìṣirò rẹ̀. (Kì í ṣe Michael Jordan tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n o, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni tiwa yìí.) Wọ́n ní ọpọlọ tó gbọ́n kì í da ara rẹ̀ láàmú lórí gbogbo àṣìṣe. Àṣìṣe tó máa ba iṣẹ́ jẹ́ nìkan ló ń tún ṣe. Èyí tí kò pa iṣẹ́ lára, ó máa ń fi sílẹ̀ kó máa lọ bó ṣe wù ú.

Nítorí náà, onímọ̀ iṣẹ́ kọ́ ni ẹni tí ìfọ́nká ti tán lára rẹ̀. Onímọ̀ iṣẹ́ ni ẹni tó ti kó ìfọ́nká rẹ̀ lọ síbi tí kò ti lè ba nǹkan jẹ́.

Ọmọṣẹ́ ní Ìnísà

Bàbá ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí òòlù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńkọ́? Ní Ìnísà, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan fún wákàtí díẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú, kò wọlé. Ó tún gbìyànjú, kò wọlé. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ gbá a lórí, wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ ò balẹ̀! Kí lò ń rò?" Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Ó tún gbé òwú. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n gan-an.

Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni ọ̀gá náà. Nígbà tó yá, wọ́n ra gúgúrú fún ọmọ náà, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Bí ọ̀gá tiwọn náà ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a ti sọ wo ọ̀rọ̀ náà.

Àkọ́kọ́, ìfọ́nká ni ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn. Òwú ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, kò yà sápá kan. Kò sí ohun tí igbe lè tọ́ka sí pé kó tún ṣe. Ìkejì, tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí àyà máa já, tó sì ń mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n sí i. Gbogbo wa la ní ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù ló ń sọ ọ́ di ńlá. Ìyẹn ni pé gbígbá tí wọ́n gbá a lórí ti fi kún ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbá a.

Ìkẹta ló wù mí jù. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí jáde. Wọ́n wo bí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe ń yàtọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun láti na ọwọ́. Wọ́n rí i pé àwọn tí ọwọ́ wọn ń yàtọ̀ jù, níbi tó kan ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ni wọ́n tètè mọ̀ ọ́n. Ó bá làákàyè mu: ẹni tó ń gba ọ̀nà púpọ̀ wò ló máa tètè kan ọ̀nà tó dáa. Màá sọ òótọ́ fún yín, ìwádìí mìíràn lẹ́yìn ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di òfin. Àmọ́ ó tó láti jẹ́ ká ṣọ́ra kí á tó pe ọmọ ní olódo nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ káàkiri ní oṣù kẹrin.

Ẹ wo ọmọ ìkókó náà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin tí wọ́n bí i ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ mú nǹkan, ọwọ́ yẹn á sì máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò kó tó débẹ̀. Kò sí ìyá kankan tó ń gbá a lórí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un ni.

Òkukù, fóònù, àti owó tó ń bọ́

Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtàǹpàkò ka ọ̀rọ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ tiyín ni bọ́tìnnì orí fóònù.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni òwe náà, àmọ́ ẹ wo ohun méjì tó kó jọ: pẹpẹ jìnnà, ẹnu kèrègbè há. Ohun méjì yìí náà ni Paul Fitts ti Ohio State University wọ̀n ní 1954. Ó ní kí àwọn èèyàn mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n máa fi kan pátákó irin méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, kí wọ́n yára, kí wọ́n má sì ṣe àṣìtẹ̀. Ó ń yí bí pátákó ṣe jìnnà síra wọn padà, ó sì ń yí bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó padà.

Ohun tó rí di òfin tí wọ́n ń lò dòní. Tí ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, àkókò tó ń gbà á fi ìwọ̀n kan lé sí i. Tó bá há sí ìdajì, àkókò náà á fi ìwọ̀n kan náà lé sí i. Tí ó bá wá jìnnà ní ìlọ́po méjì, tó sì tún fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kò sí ohun tó yí padà. Kò sí ẹni tó lè yára, kó sì tún ṣe déédéé lójú ibi tó há, láìsan nǹkan kan. Ẹ san àkókò, tàbí kí ẹ san àṣìtẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe Android fi gba àwọn tó ń ṣe áàpù nímọ̀ràn pé kí ibi tí ìka máa tẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 9. Ìdí nìyẹn tí ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ lẹ́tà lórí fóònù fi máa ń méfò lẹ́yìn yín, tó ń fojú wo lẹ́tà tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tí ẹ ti tẹ̀, tó sì ń fún un láyè púpọ̀ sí i láìjẹ́ kí ojú yín rí i. Yíyà sápá kan náà wà níbẹ̀ o. Ní 2010, Christian Holz àti Patrick Baudisch ní Jámánì fi hàn pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àṣìtẹ̀ ìka lórí gíláàsì kì í ṣe ìfọ́nká rárá. Bí ìka ṣe dábùú tàbí tó nàró ló ń ti ibi tó kàn sí apá kan, oníkálukú ló sì ní tirẹ̀. Tí fóònù bá mọ bí ìka yín ṣe dúró, ó lè tún un ṣe, bí a ṣe tún ti ọmọ àkọ́kọ́ tó ń sọ òkò ṣe.

Òkukù ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di owó. Ọgbà kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní ìlú náà, àwọn oní-POS sì ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣòwò. Àǹtí kan tó ní POS sọ fún mi nípa oníbàárà kan tó fẹ́ fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ń pa á, àwọn èèyàn ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ fóònù. ₦8,000 ló lọ. Nígbà tó pe ọlọ́jà náà, onítọ̀hún ní, "Kò burú, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù ṣe àsansílẹ̀."

Ẹ wo bọ́tìnnì nọ́ńbà lórí fóònù yín. 8 wà ní abẹ́ 5 gan-an. Àtàǹpàkò tó bá ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ọ̀nà òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ni ìfọ́nká rẹ̀ máa gùn sí. Tó bá dúró kó tó dé 5, ilé 8 ló dúró sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa, tí wọ́n ń pè ní NUBAN, ní aṣọ́nà. Nọ́ńbà 10 ni; ìkẹwàá kì í ṣe ti oníbàárà, ìṣirò ni wọ́n fi ń yọ ọ́ jáde láti inú mẹ́sàn-án tó ṣáájú àti kóòdù báńkì náà. Tí ìka bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò náà kò ní bára mu mọ́, àṣìṣe á sì hàn. Ẹni tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ mọ ìwà ọwọ́. Kò ní kí ẹ má ṣì í tẹ̀. Ó fi aṣọ́nà sílẹ̀ de ìgbà tí ẹ bá ṣì í tẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye owó kò ní aṣọ́nà. ₦8,000 jẹ́ iye owó gidi bí ₦5,000. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ ń ra káàdì sí kò ní aṣọ́nà. Àwọn àpò owó orí fóònù tó ń lo nọ́ńbà fóònù bíi nọ́ńbà àkáǹtì náà kò lè fi ìkẹwàá ṣọ́ ọ̀nà bíi ti NUBAN. Níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni aṣọ́nà.

Kí ni ká wá ṣe?

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni "ẹ máa fara balẹ̀." Kò tó. Kò sí ẹni tó lè fara balẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ tó sì fara balẹ̀ náà ń fọ́n ká, kàn kéré ni. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn yìí rèé.

Ẹ máa yára níbi tí àṣìtẹ̀ kò ti gbówó. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp yín bó ṣe wù yín. Tó bá ku bọ́tìnnì tó ń gbé owó lọ, ẹ dá ọwọ́ dúró. Àǹtí oní-POS yẹn sọ pé láti ọjọ́ náà, òun máa ń ka iye owó sókè fún oníbàárà létí kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Mo gba tiwọn. Ojú tó ń wo ohun tí ọwọ́ ṣì ń ṣe lè pẹ́ jù, àmọ́ ẹnu tó ń ka ohun tí ọwọ́ ti ṣe tán kò tíì pẹ́.

Ẹ mú kí pẹpẹ súnmọ́, kí ẹ sì mú kí ẹnu kèrègbè fẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di fóònù mú, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè sọ lẹ́tà àti bọ́tìnnì di ńlá nínú ètò fóònù yín. Kì í ṣe àwọn arúgbó nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ lórí ọ̀kadà tàbí nínú mọ́tò tó ń bọ́ sínú kòtò. Ariwo inú ara ti tó, ẹ má fi ti ojú ọ̀nà kún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fẹ̀. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ olójú ńlá ná. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá yíyà sápá kan ni tàbí ìfọ́nká. Tó bá ń yà sápá kan, ẹ sọ ibi tó ń yà sí fún un. Tó bá jẹ́ ìfọ́nká, àkókò ló nílò, kì í ṣe ìkúùkù.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan kí n tó lọ. Ìfọ́nká tí gbogbo wa ní kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ tí apá ẹnì kan bá ṣàdédé rọ lápá kan, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má dúró wo bí yóò ṣe rí lọ́la. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló níye lórí. Tó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ ẹnì kan ń gbọ̀n sí i bó ṣe ń súnmọ́ ife tó fẹ́ gbé, ẹ ní kó lọ rí dókítà. Dókítà lè ní kó fi ìka kan imú ara rẹ̀, kó sì tún fi kan ìka dókítà, síwá sẹ́yìn. Ó jọ eré ọmọdé, àmọ́ ó ń fi bí apá kan ọpọlọ tó wà lẹ́yìn orí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn.

Ibi tí mo ti máa dúró nìyẹn. Ẹ ya àwòrán bébà yín, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí wa, ká wo ẹni tí ẹyin tirẹ̀ gùn jù. Tí ẹ bá sì mọ ọ̀gá kan tó ní ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lónìí. Ẹ kàn rí i dájú pé nọ́ńbà rẹ̀ lẹ tẹ̀. Ó dàbọ̀ o.